Ẹ̀rọ Wo Ló Yẹ Ká Fi Gé Pàǹtí Oko? Ìfiwéra fún Àgbẹ̀ Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀ṣà

Àwọn àgbà ní ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò tó ohun à ń pọ́n àdá sí. Ó rí bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ àdá lẹ fẹ́ fi bẹ́ ẹ. Ẹ da ìtì tútù kan náà sẹ́nu ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ oúnjẹ adìyẹ, kẹ́ ẹ wá wo bó ṣe máa rí. Okùn inú rẹ̀ á wé mọ́ ṣáàfù, bẹ́líìtì á máa yọ̀ lórí púlì, òórùn rọ́bà tó ń jó á gba gbogbo ibẹ̀, ẹ́ńjìnì á sì kú. Ẹni tó ni ẹ̀rọ á wá lóṣòó tì í pẹ̀lú ọ̀bẹ, á máa fa okùn náà jáde ní jáńjálá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ti dógùn-ún lẹ́yìnkùlé àgbẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Wẹ́dà mọṣẹ́, irin rẹ̀ dára, ẹ́ńjìnì náà lágbára, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi gé. Ìdí nìyí tí mi ò fi ní í bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo pàǹtí.

Ohun tó wà nílẹ̀ lóko wa

Kòkó ló ṣáájú, láti Ìfẹ̀wàrà dé Ifẹ̀tẹ̀dó, àti lápá Òṣú títí dé Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Èèpo nìkan kó nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá ìwúwo èso kòkó tútù. Tọ́ọ̀nù kan kòkó gbígbẹ, ìyẹn àpò 16, máa ń fi nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 10 èèpo tútù sílẹ̀. Àgbẹ̀ tó bá ta àpò 8 lọ́dún ti da bíi tọ́ọ̀nù 5 sábẹ́ igi. Bẹ́ẹ̀ sì ni àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Phytophthora megakarya, máa ń fi irú èèpo jíjẹrà bẹ́ẹ̀ ṣe ibùgbé títí òjò mìíràn á fi dé.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tẹ̀ lé e. Tí ẹ bá gbìn ín ní mítà 3 sí mítà 2, ìdí 1,667 ló máa wọ hẹ́kítà kan. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìtì kọ̀ọ̀kan ń so. Tí wọ́n bá ti gé ọmọ rẹ̀, ó parí. Omi ló sì kó bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ìwúwo ìtì náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni imọ̀ ọ̀pẹ, ìdì tí wọ́n ti gbọn ẹyìn kúrò lára rẹ̀, pòpórò àti kùùkù àgbàdo, pẹ̀lú èèpo ẹ̀gẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yan gàrí.

Ohun tí mo fi ń díwọ̀n

Omi ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ohun tó gbẹ, tó ń ṣẹ́ pà, lílù ló ń fẹ́. Ohun tó tútù tó sì lókùn nínú, gígé ló ń fẹ́. Ẹni tó bá mọ èyí nìkan ti fi owó ńlá pa mọ́.

Ìkejì ni ìlò. Ajílẹ̀ fẹ́ kí pàǹtí wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 2 sí 5. Tó bá kúnná ju bẹ́ẹ̀ lọ, òkìtì á dì, afẹ́fẹ́ ò ní í wọ inú rẹ̀, á sì máa rùn. Oúnjẹ ewúrẹ́ àti àgùntàn fẹ́ gígé kéékèèké tí wọ́n lè jẹ láìṣa á dànù. Èédú tí wọ́n ń fi sítáàṣì mọ pọ̀ fẹ́ ohun tó kúnná tó sì gbẹ dáadáa, tí omi inú rẹ̀ kò ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wọn kílò 100, tí ẹ bá gbẹ ẹ́ tán, kò ní í fi bẹ́ẹ̀ ju kílò 10 lọ. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé kẹ́ ẹ fi ṣèédú tà, ẹ bi í pé oòrùn ta ló fẹ́ lò.

Lẹ́yìn náà, epo. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún 2023, wákàtí kọ̀ọ̀kan tí ẹ́ńjìnì bá fi ń dún ti di ohun tí à ń kà. Iná ìjọba kì í dé oko, níbi tó bá sì dé, mọ́tò oníná ńlá tó ń fẹ́ wáyà mẹ́ta kò ní í ṣiṣẹ́ lórí iná abúlé tó jẹ́ wáyà kan.

Àtúnṣe ńkọ́? Tí bẹ́ríìnì bá fọ́ láàárọ̀, ṣé ẹ lè rí òmíràn rà ní Ifẹ̀ tàbí Iléṣà kí ilẹ̀ tó ṣú? Ẹ̀rọ tí ẹ̀yà ara rẹ̀ ń ti òkè òkun bọ̀ kì í ṣe ẹ̀rọ àgbẹ̀ kékeré.

Àti ọwọ́ ọmọ èèyàn, tí ẹ̀rọ lè gé. Ìyẹn ò ṣeé fowó rà.

Àdá nìkan

Mo kà á mọ́ ọn torí pé ó tọ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹni tí oko rẹ̀ kò ju éékà kan lọ, tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ fọ́n káàkiri inú kòkó, kó la ìtì sí méjì, kó gé e sí abala, kó tẹ́ ẹ sídìí igi. Á jẹrà fúnra rẹ̀, á sì pa omi mọ́ sílẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé eérú èèpo kòkó ló fẹ́ fún àwọn tó ń se ọṣẹ dúdú náà kò nílò ẹ̀rọ kankan: oòrùn àti iná ti tó o.

Ẹ̀rọ olóòlù

Òun ló wọ́pọ̀ jù, torí kò sí wẹ́dà tí kò mọ ẹ̀rọ ìlọ-oúnjẹ adìyẹ. Àwọn òòlù irin pẹlẹbẹ ló so rọ̀ mọ́ ṣáàfù tó ń sáré. Wọ́n á máa gbá ohun tó bá wọlé títí á fi rún débi tó lè gba ojú asẹ́ ìsàlẹ̀ jáde. Eré sísá ni gbogbo agbára rẹ̀. Tí ibi tí àwọn òòlù ń yí dé bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 40, tí ṣáàfù sì ń yí nígbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, orí òòlù ń fò ní bíi mítà 63 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èèpo kòkó gbígbẹ ò lè dúró dè é, bẹ́ẹ̀ ni kùùkù àgbàdo àti èèpo ẹ̀gẹ́ tó ti gbẹ.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé èèpo kòkó ti gbẹ tó ni pé kẹ́ ẹ mú ẹyọ kan, kẹ́ ẹ ṣẹ́ ẹ. Tó bá dún pà, tó já sí méjì, ẹ máa dà á sínú. Tó bá tẹ̀, tàbí tí ọwọ́ yín ń rin, ẹ dá a padà sóòrùn. Èyí kì í nira nígbà ọyẹ́, ìgbà yẹn gan-an ni èèpo sì máa ń pọ̀, torí oṣù Kẹwàá sí oṣù Kìn-ín-ní ni kòkó ń délẹ̀ jù. Èèpo ìgbà òjò ni kò ní í gbẹ, àfi tí ẹ bá ní àtíbàbà. Tí ẹ bá fi ipá dà á sínú ní tútù, á di bí ẹ̀kọ lójú asẹ́, ihò á dí, ẹ̀rọ á máa gbóná láìsí ohun tó ń jáde.

Ohun méjì ni mo fẹ́ràn lára ẹ̀rọ yìí. Àkọ́kọ́, òòlù tó so rọ̀ máa ń sún sẹ́yìn tí òkúta bá bá pàǹtí wọlé, nítorí náà ṣáàfù kì í tètè dá. Ìkejì, tí wẹ́dà bá lu ihò méjì sí òòlù kọ̀ọ̀kan, lókè àti nísàlẹ̀, igun mẹ́rin ni ẹ máa lò kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀: tí igun kan bá ti yíká, ẹ yí i padà, tí ìyẹn náà bá tán, ẹ dorí rẹ̀ kodò. Ẹ má pààrọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo o. Òòlù tuntun wúwo ju ògbólógbòó lọ, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, bẹ́ríìnì ló sì máa jìyà rẹ̀. Èyí tó dojú kọ ara wọn ni kẹ́ ẹ jọ pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ìwúwo wọn bára mu.

Ìdààmú rẹ̀ ni eruku àti ariwo. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń dà á sínú fi aṣọ bo imú. Tí ẹ bá sì fẹ́ fi èèpo kòkó lílọ̀ bọ́ ẹran, ẹ ṣọ́ra: theobromine, èròjà kan tó lè ṣe ẹran léṣe, wà nínú rẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ni kẹ́ ẹ pò mọ́ oúnjẹ wọn, ẹ má sì jẹ́ kó dé ẹnu ajá rárá.

Ẹ̀rọ ọlọ́bẹ

Tí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan fún àgbègbè wa, èyí ni mo máa mú. Àwo irin wúwo kan ló ń yí, ọ̀bẹ méjì tàbí mẹ́rin sì wà lójú rẹ̀. Níbi tí pàǹtí ti ń wọlé, ọ̀bẹ kan wà tí kì í kúrò lójú kan; àárín òun àti èyí tó ń yí ni nǹkan ti ń gé, gẹ́gẹ́ bí sáàsì ṣe ń gé aṣọ. Kò fẹ́ eré àsápajúdé. Àwo tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 50, tó ń yí nígbà 1,000 ní ìṣẹ́jú kan, ti tó gé imọ̀ ọ̀pẹ, pòpórò tútù, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti èèpo kòkó tútù.

Àlàfo àárín ọ̀bẹ méjèèjì ni ẹ̀mí ẹ̀rọ náà. Kò gbọ́dọ̀ ju mìlímítà kan lọ. Bí mo ṣe máa ń dán an wò rèé: ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ yọ bẹ́líìtì, ẹ fi bébà ìwé ọmọléèwé sí àárín, kẹ́ ẹ fi igi ti àwo náà yí díẹ̀díẹ̀. Tí bébà bá gé gééré, ó dára. Tó bá tẹ̀ wọ àárín, okùn ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà á tẹ̀ wọbẹ̀, ibẹ̀ ni wàhálà á ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà ẹ sọ fún wẹ́dà pé kó má jó ọ̀bẹ tí kì í kúrò lójú kan yẹn mọ́ ara ẹ̀rọ; kó fi nọ́ọ̀tì dè é nínú ihò gígùn, kẹ́ ẹ lè máa sún un mọ́ra bó bá ṣe ń jẹ.

Irin ọ̀bẹ ńkọ́? Irin àwo lásán tí wọ́n fi ń ṣe géètì kì í pẹ́ kú. Sípíríìn ọkọ̀ akẹ́rù àlòkù ló dára, torí irin líle ni, alágbẹ̀dẹ wa sì mọ bí wọ́n ṣe ń fún un lómi: kó gbóná pọ́n, kí wọ́n tì í bọ epo, kí wọ́n sì tún yá a níná díẹ̀ kó má baà ṣẹ́. Apá kejì yìí làwọn kan máa ń fò. Ọ̀bẹ tó le jù tí kò padà rí iná máa ń ṣẹ́, tó bá sì ṣẹ́ nígbà tó ń yí, kò sí ẹni tó mọ ibi tó máa fò sí.

Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tún ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Ẹ là á sí mẹ́rin lóòró, ẹ fi í sílẹ̀ bí ọjọ́ méjì kí omi rẹ̀ dín, kẹ́ ẹ tó kì í bọ ẹnu ẹ̀rọ. Kí ṣáàfù má hàn rárá nínú ibi tí pàǹtí ń gbà. Kí wẹ́dà fi páìpù bò ó. Kò sì gbọ́dọ̀ sí asẹ́ ní ìsàlẹ̀, ẹnu ìjáde ni kó fẹ̀. Fún imọ̀ ọ̀pẹ, ẹ gé ìdí rẹ̀ tó nípọn tó sì lẹ́gùn-ún kúrò, ẹ sì gbọn iyẹ̀pẹ̀ dànù. Iyẹ̀pẹ̀ ló ń pa ọ̀bẹ ju imọ̀ fúnra rẹ̀ lọ.

Epo tó ń jẹ mọ níwọ̀n: ẹ́ńjìnì 6.5HP tó ń lo bẹntiróòlù lè gbé èyí tó kéré, èyí tó tóbi á fẹ́ 8HP tàbí 10HP tó ń lo dísù. Ohun tó burú lára rẹ̀ ni pé ẹ gbọ́dọ̀ pọ́n ọ̀bẹ, bóyá lójoojúmọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀, kò sì ní í sọ nǹkan di ìyẹ̀fun fún yín. Ewu rẹ̀ sì ga ju ti olóòlù lọ. Ọ̀nà tí pàǹtí ń gbà wọlé gbọ́dọ̀ gùn ju apá àgbàlagbà lọ, láti ìka dé èjìká. Wẹ́dà tó bá ní òun á gé e kúrú kí irin má baà pọ̀, ẹ kọ̀ fún un. Ẹ sì rántí pé àwo wúwo yẹn á ṣì máa yí fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì ti kú. Kí ẹnikẹ́ni má nawọ́ sínú rẹ̀ torí pé ariwo ti dákẹ́.

Ẹ̀rọ eléyín

Ṣáàfù méjì tí eyín ìkọ́ wà lára wọn, tí wọ́n ń yí síra wọn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ìgbà 40 ní ìṣẹ́jú kan. Kò sóhun tí kì í jẹ: ìtì tútù, ìdì ẹyìn tó le, gbòǹgbò. Eruku rẹ̀ kéré, kì í ju nǹkan sókè. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì tó ń yí nígbà 1,500 gbọ́dọ̀ wá sílẹ̀ débi 40, bẹ́líìtì nìkan ò lè ṣèyẹn. Gíà-bọ́ọ̀sì ni, owó gíà-bọ́ọ̀sì sì lè tó ti odindi ẹ̀rọ ọlọ́bẹ. Eyín rẹ̀ fẹ́ ẹni tó mọ ẹ̀rọ léètì dáadáa. Ohun tó ń jáde sì máa ń rí jákujàku, ẹ ṣì lè ní láti tún un gé. Ilé-iṣẹ́ epo pupa tí ìdì ẹyìn ń ga lójú rẹ̀ lójoojúmọ́ lè rà á. Àgbẹ̀ ò nílò rẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń yọ okùn

Èyí yàtọ̀ sí gbogbo ìyókù, torí kì í gé nǹkan. Abẹ irin tí kò mú ló ń fi họ omi àti ẹran ara ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ dànù, okùn á sì kù sọ́wọ́ ẹni tó dì í mú. Okùn yìí dára fún ìjàrá, ẹní, àpò àti bébà. Kílò 100 ìtì tútù, bíi kílò kan okùn ni ẹ máa rí, ẹ sì gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ sá a lọ́jọ́ náà kó má baà pọ́n. Mi ò bá a jà, àmọ́ ẹ wá oníbàárà kẹ́ ẹ tó wá wẹ́dà. Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ okùn kó tó mọ ẹni tó máa ra okùn lọ́wọ́ rẹ̀ ti kó sí gbèsè.

Ohun tí ẹ máa bá wẹ́dà sọ

Ẹ má lọ sọ pé "ẹ ṣe ẹ̀rọ alágbára fún mi". Ẹ kó pàǹtí yín lọ́wọ́ dé ṣọ́ọ̀bù. Ẹ sọ bí àwo ṣe máa yára tó, kẹ́ ẹ sì jọ ṣírò púlì: ẹ́ńjìnì tó ń yí nígbà 3,000, tí púlì rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, tí púlì ẹ̀rọ sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30, á fún yín ní 1,000. Tí wọ́n bá fi púlì tó dọ́gba sí i, á di 3,000, àwo tí wọ́n kàn jó pọ̀ ò sì yẹ fún irú eré bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbà kí wọ́n so ẹ́ńjìnì mọ́ ṣáàfù tààrà. Bẹ́líìtì tó ń yọ̀ nígbà tí nǹkan bá há ló ń gba ẹ́ńjìnì là.

Àgbègbè wa ò ṣaláìní ẹni tí à á fọ̀rọ̀ lọ̀. PEDI (Prototype Engineering Development Institute) tó wà nílùú Iléṣà, lábẹ́ NASENI, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀rọ, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa ṣe àwòṣe ẹ̀rọ. Ẹ̀ka tó ń kọ́ni nípa ìmọ̀ ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ sì wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Ifẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ná owó tó nípọn, kó kọ́kọ́ gbé àwòrán ẹ̀rọ lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Olóko éékà kan sí méjì: àdá, tàbí kó yá ẹ̀rọ. Ẹni tó ń sin adìyẹ tàbí ẹlẹ́dẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́, tó ń rí èèpo ẹ̀gẹ́ àti kùùkù àgbàdo gbígbẹ rà: olóòlù, kó sì ra asẹ́ méjì, olójú kékeré àti olójú ńlá. Ẹni tó fẹ́ ṣèédú: olóòlù náà ni, èèpo kòkó ìgbà ọyẹ́ ni kó sì lò. Ẹni tó ń sin ewúrẹ́ tàbí màlúù, tó ń gbin koríko fún wọn: ọlọ́bẹ tó kéré.

Olóko kòkó tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọ̀pẹ wà láàárín rẹ̀, ìyẹn èyí tó pọ̀ jù nínú wa: ọlọ́bẹ, ṣùgbọ́n kó má dá a rà. Ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ́dún fún ẹnì kan ò lè san owó ara rẹ̀ padà. Kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù abúlé rà á, kí wọ́n fi táyà méjì sí i kí ọ̀kadà tàbí ọkọ̀ kékeré lè fà á, kí ó sì máa yí láti oko dé oko bí a ti ń ṣe àáró. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó wà nídìí ẹ́ńjìnì, kí wọ́n kọ́ ọ, kí wọ́n máa sanwó fún un. Ẹ̀rọ gbogbo ayé tí kò ní olùtọ́jú á kú láàárín ọdún kan.

Èèpo kòkó tí wọ́n bá gé báyìí, ẹ má padà tú u sábẹ́ igi lọ́jọ́ náà, nítorí àrùn. Ẹ pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ, ẹ kó o jọ ní òkìtì tó ga tó mítà kan ó kéré tán, kó lè gbóná dé ìwọ̀n 55 sí 65 lórí Celsius, kẹ́ ẹ sì máa yí i kí tẹ̀yìn wọnú. Ẹ fún un lọ́wọ́ láti mọ omi rẹ̀: ẹ̀kán kan tàbí méjì ló yẹ kó jáde. Tó bá ń ṣàn, ẹ fi pòpórò gbígbẹ sí i.

Kẹ́ ẹ tó san ìyókù owó wẹ́dà, ẹ gbé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹ là sí mẹ́rin, imọ̀ ọ̀pẹ àti apẹ̀rẹ̀ èèpo kòkó kan lọ síbẹ̀. Ẹ gé gbogbo rẹ̀ lójú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀rọ máa yí fún odindi wákàtí kan láìdúró. Lẹ́yìn náà ẹ pa á, kó dákẹ́ pátápátá, kẹ́ ẹ gbé ọwọ́ lé ilé bẹ́ríìnì. Tí ẹ ò bá lè fi ọwọ́ síbẹ̀ kẹ́ ẹ kà dé márùn-ún nítorí ooru, owó yín ṣì gbọ́dọ̀ wà lápò.